Ẹni tó Ń Tẹ́tí láti Ìjókòó Ẹ̀yìn

Láti ọjọ́ tí a sin bàbá mi àgbà ní Ọ̀yọ́ títí di ọjọ́ tí a ṣe fídáù rẹ̀, mi ò lè jókòó. Màá kọ ìlà méjì, màá dìde. Màá lọ pọn omi tí mi ò ní í lò. Màá jáde síwájú hóstẹ́ẹ̀lì wa ní Under G ní Ògbómọ̀ṣọ́, màá wo àwọn ọlọ́kadà tó ń lọ tó ń bọ̀, màá tún padà wọlé. Dọ́kàsì, ọmọ Onítẹ̀bọmi tí a jọ ń gbé yàrá, bi mí bóyá kòkòrò ló wà lórí àga. Mo ní mò ń kọ̀wé ni. Ó ní, "Ẹsẹ̀ lo fi ń kọ ọ́ ni?"

Àwọn ẹbí ló ní kí n kọ ọ̀rọ̀ ráńpẹ́ tí n óò kà níbi fídáù, àdúà ọjọ́ kẹjọ. Àbúrò bàbá mi obìnrin ti sọ ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀ fún mi: "Mùínátù, sọ pé èèyàn dáadáa ni, kó o sì dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó wá. Ó ti tó." Mo kọ bẹ́ẹ̀, mo fà á ya. Èèyàn dáadáa ni lóòótọ́, ta ló ń bá wọn jiyàn? Ṣùgbọ́n gbogbo àdúgbò ló gbà pé etí bàbá mi àgbà ti di kó tó kú. Irọ́ ni. Èmi ni mo fa irọ́ náà, ẹnu tí mo pa dé ló sì mú un dàgbà. Fún ẹni tó fi etí jẹun ní gbogbo ayé rẹ̀, mi ò mọ ohun tó burú ju ìyẹn lọ.

Lásísì ni orúkọ rẹ̀, Bàbá Onírédíò ni gbogbo Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ ń pè é. Rédíò ló ń tún ṣe, pẹ̀lú tẹlifíṣọ̀n àtijọ́, òun náà ló sì ń tọ́jú ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn jáde ní mọ́ṣáláṣí wa. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kéré. Àga méjì ló wà níbẹ̀, ọ̀kan fún un, ọ̀kan fún ẹni tó bá gbé rédíò wá. Àga kejì yẹn ló máa ń dá ìjà sílẹ̀, torí Bàbá ò ní í ṣí rédíò kankan bí ẹni tó ni ín ò bá jókòó tì í. Bí ẹ bá ń kánjú lọ sí ọjà Akẹ́sán, ẹ gbé rédíò yín dání.

Ojú mi ló ṣe nígbà tí olùkọ́ kan ní kọ́lẹ́ẹ̀jì gbé tirẹ̀ wá. Kò tiẹ̀ tíì pa ọ̀kadà rẹ̀.

"Bàbá, ẹ kúuṣẹ́. Ó ti bàjẹ́. Ẹ bá mi wò ó, mò ń bọ̀."

"Kí lẹ gbọ́ lẹ́nu rẹ̀?"

"Mo ní ó ti bàjẹ́, sà."

"Mi ò bi yín bóyá ó bàjẹ́. Kí lẹ gbọ́?"

Ọkùnrin náà bínú, ó jókòó, ó ń mi ẹsẹ̀. Bàbá tan rédíò náà, a jọ gbọ́ ọ. Ohùn rẹ̀ mọ́ tónítóní. Ojú ti olùkọ́ wa díẹ̀. Ó ní nílé ó máa ń kùn hùn-ùn ni. Ìgbà wo ló máa ń kùn? Ó ronú, ó ní bí òun bá ti tan fáànù ni. Bàbá gbé rédíò náà lé e lọ́wọ́. Ó ní kó lọ wá oníṣẹ́ fáànù. Nígbà tí ọ̀kadà yẹn lọ tán, ó yíjú sí mi: "Gbogbo ohun tí mo ní kó ṣe ò ju èyí lọ: jókòó, ká jọ gbọ́ ọ."

Èmi gan-an ò lè jókòó láti kékeré. Ó mọ̀. Ó máa ń pe oríkì mi, Àṣàkẹ́, á ní kí n wá di nǹkan kan mú fún òun, bẹ́ẹ̀ nǹkan náà ò nílò dídìmú. Ó kàn fẹ́ kí n dúró sójú kan ni.

Nígbà tí mo wọ yunifásítì ní Ògbómọ̀ṣọ́ láti kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ iná mànàmáná, inú rẹ̀ dùn títí ó fi sú wa. Lọ́dún kẹta, mo feèlì kọ́ọ̀sì kan. Sígínáàlì àti Sísítẹ́ẹ̀mù lorúkọ rẹ̀. Kì í ṣe pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ yege o. Mo feèlì pátápátá. Mo wọ bọ́ọ̀sì ní Takie, mo bọ́ sílẹ̀ ní Òwòdé ní Ọ̀yọ́, mo sunkún nínú kẹ̀kẹ́ dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Bàbá jẹ́ kí n sun ún tán.

"Kí ni wọ́n ń kọ́ yín níbẹ̀ gan-an?"

Mo nu imú. "Bàbá, bí nǹkan kan bá wọ inú ẹ̀rọ, bó ṣe máa rí nígbà tó bá jáde. Ìṣirò ni wọ́n fi ń ṣe é."

"Ẹ̀rọ wo?"

"Ẹ̀rọ kankan."

"Kò sí ẹ̀rọ tó ń jẹ́ ẹ̀rọ kankan, Àṣàkẹ́."

Ó fa rédíò kan tí kò sọ̀rọ̀ mọ́ sún mọ́ mi. Ó ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, ó tan án, ó lá ìka rẹ̀, ó fi kan irin kékeré kan nídìí ibi tí wọ́n ti ń yí ohùn sókè. Sípíkà náà dún: hùn-ùn-ùn. Ó ní, "Láti ibi tí ìka mi wà títí dé sípíkà, ara rẹ̀ le. Ẹ̀yìn ìka mi ni àìsàn wà." Ó sún ìka sẹ́yìn, ó tún dún. Ó tún sún un. Kẹ́kẹ́ pa. Ibẹ̀ náà ni wáyà já sí. Mo ti ya àwòrán àpótí tó tò tẹ̀ lé ara wọn nínú ìwé mi láìmọye ìgbà, ọfà wọlé, ọfà jáde, mi ò mọ̀ pé èèyàn lè fi ìka rìn nínú rẹ̀. Ó ní kí n fọwọ́ kàn án. Rédíò kékeré ni, bátìrì ló ń lò, síbẹ̀ mo sá. Ó rẹ́rìn-ín débi pé fìlà rẹ̀ bọ́.

Nǹkan mìíràn tí kò yé ìyàwó rẹ̀, ìyá mi àgbà, ni àtẹ́wọ́. Bí Bàbá bá wọ yàrá tí kò wọ̀ rí, á dúró láàárín rẹ̀, á pàtẹ́wọ́ ẹyọ kan, pà! Á tẹ́tí. Ìgbà náà ló máa tó kí àwọn onílé. Ó ṣe é níbi ìsọmọlórúkọ, ó ṣe é ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀. Ìyá àgbà á ní, "Wọ́n ní kó o wá kí ọmọ tuntun káàbọ̀, o wá ń pàtẹ́wọ́ fún ògiri!" Bàbá á dá a lóhùn pé òun ń bi yàrá náà bó ṣe máa ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu òun ni.

Àtẹ́wọ́ yẹn ló mú kí n yege nígbà tí mo tún kọ́ọ̀sì náà kọ. Olùkọ́ wa ń ṣàlàyé pé bí o bá lè gbá ẹ̀rọ kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, gbígbá tó yá kánkán, tí o sì gbọ́ bó ṣe dáhùn, o ti mọ ohun tó máa ṣe sí gbogbo nǹkan tó bá wọ inú rẹ̀. Àwọn yòókù ń kọ lẹ́tà Gíríìkì sílẹ̀. Èmi ń rí Bàbá. Ọ̀rọ̀ tí à ń sọ, àtẹ́wọ́ kéékèèké tó tò tẹ̀ lé ara wọn ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń wọ́ ìrù tirẹ̀ lẹ́yìn, ìrù wọn sì ń gorí ara wọn. Bí o bá mọ ìrù ẹyọ kan, o mọ gbogbo wọn. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pariwo ní kíláàsì. Olùkọ́ fi kún un pé ìyẹn jẹ́ òótọ́ bí ẹ̀rọ náà kò bá yí padà láàárín ìgbà tí o gbá a àti ìgbà tí o lò ó. Mo kọ ìyẹn náà sílẹ̀. Mo tiẹ̀ fi bírò pupa fa ìlà sí i nídìí. Mo sì gbàgbé rẹ̀.

Kí n tó dé ibi tí mò ń lọ, mo gbọ́dọ̀ sọ ti Ìyá Sùúrà. Ó ti dàgbà gan-an. Ẹ̀yìn pátápátá ló máa ń jókòó ní mọ́ṣáláṣí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ń bọ́ bàtà sí, torí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò gbé e jìnnà. Ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, bí Bàbá bá ti tún ẹ̀rọ ṣe tán, kì í dúró síwájú. Á rọra rìn lọ síbi tí Ìyá Sùúrà máa ń jókòó, á jókòó síbẹ̀ bíi tirẹ̀, á ní kí ẹnì kan lọ sọ̀rọ̀ níwájú. Mo bi í nígbà kan pé ṣebí àwọn àgbààgbà tó ń jókòó síwájú ló gbé iṣẹ́ fún un, kí ló dé tó fi ń lọ jókòó sẹ́yìn. Ó ní, "Àwọn yẹn sún mọ́ lémọ́mù. Wọn ò nílò mi."

Lọ́dún tí mo yege yẹn, wọ́n tún mọ́ṣáláṣí náà ṣe, wọ́n fi táìsì sí ilẹ̀ àti ara ògiri. Ó dára lójú, ṣùgbọ́n bí lémọ́mù bá sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ á máa ta padà láti igun gbogbo. Wọ́n ní kí Bàbá wá nǹkan ṣe sí i kí Jímọ̀ tó dé, torí àlùfáà kan ń bọ̀ wá ṣe wáàsí. Orúnkún ò jẹ́ kó lè gun àkàbà mọ́. Mo wà nílé. Mo ní, "Bàbá, ẹ fi sílẹ̀ fún mi. Ohun tí mò ń kọ́ gan-an nìyí." Ó yọ kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù tí ampilifáyà wà nínú rẹ̀ láti àpò, kọ́kọ́rọ́ tí kò gbé fún ẹnikẹ́ni rí, ó fi lé mi lọ́wọ́.

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni. Mo dúró láàárín mọ́ṣáláṣí, mo pàtẹ́wọ́ ẹyọ kan, mo fi fóònù gbà á sílẹ̀. Mo gbé e sínú kọ̀ǹpútà, mo ṣe ìṣirò mi. Ohùn tó mú, ohùn wínníwínní, ló ń pẹ́ jù lára táìsì. Mo dín in kù gan-an. Mo rẹ ohùn gbogbo sílẹ̀, mo yí ojú sípíkà méjì. Mo tún pàtẹ́wọ́: ó dún, ó dákẹ́. Mo sọ̀rọ̀ sínú maíkì, ohùn mi jáde bí omi inú ìkòkò. Mo ti di ẹnjiníà. Bàbá ti jókòó síbi ti Ìyá Sùúrà lọ́ọ̀ọ́kán.

"Ó dára," ó ní. "Ta ló máa jókòó síbí lọ́la?"

"Bàbá, mọ́ṣáláṣí kan náà ni."

Ìdánwò ń dúró dè mí ní Ògbómọ̀ṣọ́ láàárọ̀ Jímọ̀, mò ń kánjú. Kí àwọn ọmọ kéékèèké má bàa lọ yí ohun tí mo tò, mo ti kọ́bọ́ọ̀dù pa, mo ju kọ́kọ́rọ́ sínú báàgì, mo sáré lọ wọ bọ́ọ̀sì.

Ohun tí mi ò mọ̀, tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀, ni pé ní gbogbo Jímọ̀, bí èèyàn bá ti ń kún, Bàbá máa ń dìde lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, á lọ yí bọ́tìnnì díẹ̀díẹ̀ títí ilé á fi kún tán. Mọ́ṣáláṣí tí èèyàn kún kì í ṣe èyí tó ṣófo. Agbádá, ìborùn, ara èèyàn, ẹní ìkírun, gbogbo wọn ló ń gbé ohùn mì, àgàgà ohùn wínníwínní tí mo ti dín kù. Ilé òfìfo ni mo wọ̀n. Lọ́jọ́ Jímọ̀ yẹn, Bàbá dìde bó ṣe máa ń dìde, ó ki ọwọ́ sí àpò, kò bá kọ́kọ́rọ́. Wọ́n ní ó tọ àpò rẹ̀ méjèèjì wò. Kọ́kọ́rọ́ wà nínú báàgì mi ní Under G.

Wáàsí náà dé ẹ̀yìn bí ọ̀rọ̀ ẹni tí ẹ̀kọ kún ẹnu rẹ̀. Ìyẹn ì bá dáa bó bá mọ síbẹ̀. Nígbà tí ìrun bẹ̀rẹ̀, àwọn ìyá tó wà lẹ́yìn ò gbọ́ lémọ́mù. Àwọn iwájú ti dìde, àwọn ṣì fi orí kanlẹ̀. Àwọn kan dìde, àwọn kan jókòó, ọ̀kan ń wo ojú èkejì. Ìyá Sùúrà sunkún. Ó ní wọ́n ti ba ìrun òun jẹ́, òun tí òun ò mọ̀ bóyá òun máa rí Jímọ̀ mìíràn.

Lẹ́yìn ìrun, Bàbá Àdínì, tó jẹ́ olórí àwọn tó ń ṣètò mọ́ṣáláṣí, bi í níwájú gbogbo èèyàn. "Lásísì, ta ló fọwọ́ kan ẹ̀rọ yìí?"

"Èmi ni."

"Ṣé o ò gbọ́ bó ṣe ń dún ni?"

Wọ́n ní kò fèsì. Ẹni tí kò fèsì sí irú ìbéèrè yẹn, kí ni wọ́n fẹ́ kí aráyé rò? Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti di pé etí Bàbá Onírédíò ti di, ọjọ́ orí ni, kí wọ́n má dá a lẹ́bi. Wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún Wàsíù, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń tún fóònù ṣe ní Ṣábó. Wọ́n fi ọ̀wọ̀ ṣe é. Ọ̀wọ̀ yẹn ló tún dunni jù.

Mo délé ní Sátidé, mo gbọ́ ọ. Mo ní mò ń lọ sọ́dọ̀ Bàbá Àdínì lójú ẹsẹ̀. Bàbá ní kí n jókòó. Mi ò jókòó.

"Kí lẹ ṣe gbà á sọ́rùn? Èmi ni mo ṣe é!"

"Wọ́n á ní obìnrin ni, wọ́n á ní ọmọ kékeré ni. Wọn ò ní jẹ́ kó o fọwọ́ kan nǹkan níbẹ̀ mọ́ láéláé. Èmi ti fọwọ́ kan tèmi tó."

"Ẹ jẹ́ kí n lọ sọ fún Bàbá Àdínì."

"Ṣé Bàbá Àdínì lo ṣẹ̀? Iwájú lòun wà, ó gbọ́ ohun gbogbo. Bó o bá fẹ́ sọ ọ́, sọ ọ́ kí àwọn ìyá tó wà lẹ́yìn gbọ́."

Ó gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi, ó fi ránṣẹ́ sí Wàsíù. Mi ò sọ ọ́. Ẹ̀rù bà mí, lẹ́yìn náà ìtìjú, lẹ́yìn náà ìdánwò, lẹ́yìn náà ó ti pẹ́ jù. Mo rí àwáwí fún ọdún méjì gbáko. Ní gbogbo àkókò náà, àga kejì ní ṣọ́ọ̀bù ń dá wà. Ta ló máa gbé rédíò fún adití? Àwọn tó bá wá tiẹ̀ ń pariwo sí i létí. Bàbá á fà sẹ́yìn díẹ̀, á ní, "Mo gbọ́." Bí wọ́n bá wá fi ẹjọ́ Wàsíù sùn ún, á ní kí wọ́n lọ sọ fún Wàsíù fúnra rẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo bá a sọ̀rọ̀ kẹ́yìn lórí fóònù, ó gbọ́ omi tó ń kán nínú yàrá wa ní Under G, ó ní kí n ti ẹnu ẹ̀rọ omi dáadáa. Adití nìyẹn o.

Mo bínú sí i pé ó kú. Mo mọ̀ pé kò bójú mu, àmọ́ mo bínú sí i.

Lọ́jọ́ fídáù, wọ́n ta àtíbàbà síwájú ilé wa. Àwọn àlùfáà àti àwọn àgbààgbà wà níwájú, àwọn ìyá wà lẹ́yìn. Wàsíù ló gbé ẹ̀rọ wá. Nígbà tí wọ́n pè mí, ìwé tí mo tún kọ wà lọ́wọ́ mi, èyí tó ní èèyàn dáadáa ni. Mo ká a sí àpò. Mo gba maíkì, mo kí wọn pẹ̀lú àsàlámù aléékùm. Mo ní, "Etí bàbá mi àgbà ò di. Èmi ni mo ba ẹ̀rọ mọ́ṣáláṣí jẹ́ lọ́jọ́ Jímọ̀ yẹn. Ó gbà á sọ́rùn ni."

Bàbá Àdínì gbé ojú sókè. Àwọn àlùfáà ń wo ara wọn. Mo rò pé ó ti tán. Ìgbà náà ni ohùn kan wá láti ẹ̀yìn, ohùn tó ti gbó.

"A ò gbọ́ o!"

Wàsíù sáré yí nǹkan kan. Ẹ̀rọ náà súfèé, gbogbo èèyàn di etí. Mo tún un sọ. Ìyá Sùúrà ní, "A ò gbọ́ nǹkan kan níbí o!"

Mo gbé maíkì sílẹ̀ lórí tábìlì. Mo rìn gba àárín àwọn àga kọjá, àbúrò bàbá mi ń fi ojú bá mi wí, mo dé ẹ̀yìn pátápátá níbi tí àwọn ìyá wà. Mo kúnlẹ̀ níwájú Ìyá Sùúrà. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, àtẹ́wọ́, kọ̀ǹpútà, kọ́kọ́rọ́ tó wà nínú báàgì mi. Mo ní, "Ìyá, èmi ni mo ba ìrun yín jẹ́. Ẹ forí jì mí."

Ìyá Sùúrà tẹ̀ síwájú, ó gbé etí sún mọ́ mi.

"Ṣé Lásísì gbọ́ bó ṣe ń dún lọ́jọ́ náà?"

"Ó gbọ́, Ìyá. Ó gbọ́ ohun gbogbo."

"Èmi ni mo kọ́kọ́ sọ pé etí rẹ̀ ti di," ó ní. "Èmi ni mo sọ ọ́."

Ó sún díẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì, ó fi ọwọ́ lu ibi tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Níwájú, lémọ́mù ti bẹ̀rẹ̀ àdúà. Ohùn rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́.

"Jókòó," Ìyá Sùúrà ní, "ká jọ gbọ́ ọ."

Mo jókòó.